Ọkọ̀ Ogun Tí Kò Jagun Rí

"Ṣé wọ́n máa ń yìnbọn lù yín tí ẹ bá ṣílẹ̀kùn?" Ìbéèrè tí mo bi bàbá mi nìyẹn níbi tí a ti ń jẹun.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ẹ gbà mí, bàbá tèmi rẹ́rìn-ín! Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, àwa méjì péré la jọ ń gbélé. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn lóòjọ́ kò ju "Ṣé o ti jẹun?" àti "Ti fèrèsé" lọ. Ilé náà dákẹ́ débi pé mo máa ń bá fìríìjì sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ ilé-ìwé ló là wọ́n lẹ́nu. Wọ́n ní ká kọ ìtàn ohun kan tó ń kógbá sílé, èmi sì mú ọkọ̀ ogun orí omi tí bàbá mi ti ṣiṣẹ́, tí wọ́n fẹ́ tú palẹ̀ lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta gbáko ni bàbá mi fi sọ ọ́ fún mi. Ọkọ̀ náà á kó ọ̀ọ́dúnrún sójà sínú, á wa imú gúnlẹ̀ sétí òkun gan-an, ilẹ̀kùn ńlá iwájú rẹ̀ á ṣí wálẹ̀, àwọn sójà á sì sáré bọ́ sórí iyanrìn. Bàbá mi ló ń ṣí ilẹ̀kùn yẹn.

"Ogun mélòó lẹ wá jà?"

"Kò sí. Ìdánrawò ni ṣáá. Àfi ọdún kẹrìnlélógún rẹ̀, tí..." Wọ́n mumi, wọ́n dìde. "Ó tó fún òní."

Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó ní kíláàsì ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọkọ̀ ogun tí kò jagun! Ọkọ̀ ìgbafẹ́ ni, jàre." Lèmi náà bá fi ogun sí ọdún kẹrìnlélógún. Mo ní bàbá mi ṣílẹ̀kùn nínú iná, ọta ìbọn ń rọ̀, sójà mẹ́tàdínlógún sì kú lẹ́sẹ̀ wọn. Ká sòótọ́, ó dùn ún kà!

Lọ́jọ́ tí mo kà á ní gbọ̀ngán ilé-ìwé, bàbá mi wọ yúnifọ́ọ̀mù funfun wọn wá. Ó ti fún wọn níkùn pinpin. Bí mo ṣe kà á tán, gbogbo gbọ̀ngán hó yèè, wọ́n sì fún mi ní ẹ̀bùn ipò kìíní. Ọ̀gá ilé-ìwé sáré lọ bọ̀ wọ́n lọ́wọ́: "Akọni ni yín, sà!" Bàbá mi wò mí, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n sì rọra jáde.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, wọn ò bá mi sọ nǹkan kan. Màá gbọ́ ìró ṣíbí wọn lára abọ́, ẹkún á sì gbọ̀n mí. Mo ti dá wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n èyí burú jù, torí mo ti wá mọ bí ẹ̀rín wọn ṣe rí.

Lọ́jọ́ kẹjọ, mo kúnlẹ̀. "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo fẹ́ kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún yín ni."

Wọ́n gbé ṣíbí ọwọ́ wọn sílẹ̀. "Lọ́dún yẹn, omi bo erékùṣù kan. Ìrìn-àjò méjìlá la fi kó àwọn èèyàn ibẹ̀. Ẹgbẹ̀rún méjì èèyàn ló gba ẹnu ilẹ̀kùn mi wọlé. Ìrìn kẹsàn-án là ń rìn nígbà tí wọ́n fi rédíò sọ fún mi pé ìyá rẹ kú. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Mo ní kí n parí iṣẹ́ ná. Wọ́n sin ín, mi ò sí níbẹ̀. Ohun tí mo fi ìwọ àti ìyá rẹ sílẹ̀ fún nìyẹn. Òun lo pa rẹ́."

Mo sunkún bí ẹni tí wọ́n nà. "Ṣé kí n ya bébà yẹn dànù?"

"Rárá o. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ ọkọ̀, a kì í pa àṣìṣe rẹ́. Ìlà kan ṣoṣo la ń fà kọjá lórí rẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ṣì lè kà á. A ó wá kọ òótọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

Lọ́jọ́ Ajé, mo gbé bébà náà sókè níwájú gbogbo ilé-ìwé, ìlà wà lórí ogun mi. "Irọ́ ni mo pa," ni mo wí. Ọ̀rẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín. Mo ka ti erékùṣù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìwọ̀nba èèyàn ló pàtẹ́wọ́, wọ́n sì gba ẹ̀bùn mi padà. Ojú tì mí gan-an ni.

Nírọ̀lẹ́, bàbá mi ka bébà náà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n fa àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn síta. "Jókòó," ni wọ́n wí. "Jẹ́ kí n sọ bí ìyá rẹ ṣe rí fún ẹ."

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, tí ẹ bá fi irọ́ yin ẹni tí ẹ fẹ́ràn, ẹlòmíì lẹ yìn. Òun fúnra rẹ̀ á kàn dá dúró síbẹ̀, láìsí ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n.