Ikú Nídìí Ẹ̀rọ Géèmù

Nígbà tí Ìsípẹ́kítọ̀ Fọláyan wọ yàrá náà, òkú Sàláúdéènì ṣì jókòó. Ó forí lé tábìlì bí ẹni tí oorun gbé lọ lẹ́nu iṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di wáyà kan mú, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì ti jóná dúdú. Òórùn rọ́bà tó yọ́ gba gbogbo inú yàrá.

Ọjọ́ Sátidé ni, ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, lọ́dún 1986. Bọ́ìsì kọ́tà ni yàrá náà, lẹ́yìn ilé Bàbá Ògúndípẹ̀ ní Áfẹ́níù Kẹrin, Festac Town. Ibẹ̀ ni Sàláúdéènì ń gbé, ibẹ̀ náà ló ti ń tún tẹlifíṣọ̀n àti rédíò ṣe. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n péré ni.

Fọláyan gbìyànjú láti gbé apá òkú náà. Apá náà ti gan pátápátá. Ó fi í sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo yàrá. Obìnrin tí kì í kánjú ni Fọláyan, ìyẹn sì máa ń bí àwọn ọ̀gá rẹ̀ nínú.

Tẹlifíṣọ̀n kan wà lórí tábìlì, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Níwájú rẹ̀ ni ẹ̀rọ géèmù wà, irú èyí tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré lójú tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti tú ikùn èyí. Wáyà jáde nínú rẹ̀ lọ sára kíbọ́ọ̀dù àti rédíò kásẹ́ẹ̀tì kan. Bébà kan sì wà lára ògiri, tí wọ́n fi báírò pupa kọ:

"Bí a ṣe ń jí i. Ti kásẹ́ẹ̀tì kìíní bọ̀ ọ́. Tẹ bọ́tìnì. Lọ jẹun. Ti kásẹ́ẹ̀tì kejì bọ̀ ọ́. Lọ kírun. Tí o bá dé, á ti jí."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Fọláyan. Ó wo òkú, ẹ̀rín náà kò wá mọ́.

"Ọ̀gá, ọ̀daràn rèé," kọnsítébù tó wà lẹ́nu ọ̀nà sọ. "Púlọ́ọ̀gì la bá lọ́wọ́ ẹ̀."

Mùsúdù ni, ẹ̀gbọ́n òkú, awakọ̀ tó sanra bọ̀kọ̀tọ̀. Ó ń sunkún bí ọmọdé.

"Mádàámù, mo yọ ọ́ lára ògiri ni! Ní aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú ni mo wọlé. Wáyà ṣì ń ta páńpán lọ́wọ́ ẹ̀. Gbogbo púlọ́ọ̀gì tí mo rí ni mo fà yọ!"

"Wọ́n ní ẹ̀yin méjèèjì jà lọ́jọ́ Tọ́sìdeè."

Mùsúdù fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ìjà náà. Àwọn ọmọ Mùsúdù ló ni ẹ̀rọ géèmù. Àbúrò rẹ̀ yá a, ó sì tú u palẹ̀. Mùsúdù ti dúró sójú títì, ó ń ké pé, "Ẹ̀rọ yìí ló máa pa ẹ́!"

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọkùnrin kan wá sí àgọ́ ọlọ́pàá fúnra rẹ̀. Ó wọ táì, báírò mẹ́ta sì wà lápò ẹ̀wù rẹ̀. Gbádégẹṣin lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń bójú tó kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ kan ní Apapa, níbi tí jẹnẹrétọ̀ kì í jẹ́ kí iná lọ.

"Ọ̀rẹ́ mi ni, Mádàámù. Mo yà sọ́dọ̀ ẹ̀ ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, mi ò pẹ́, mo gba ọ́fíìsì lọ. Nígbà tí mo ń padà kọjá ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo yọjú lójú fèrèsé. Lẹ́tà kún ojú tẹlifíṣọ̀n ẹ̀, ó ń tẹ̀wé. Ó tiẹ̀ juwọ́ sí mi."

"Aago náà dá yín lójú?"

"Mo wo aago ọwọ́ mi. Bí mo ṣe ń lọ ni mo rí Mùsúdù tó ń wọlé bọ̀. Ojú ẹ̀ le."

"Kí ló ń fi ẹ̀rọ yẹn ṣe gan-an?"

Gbádégẹṣin mí kanlẹ̀. "Ohun ìṣeré lásán ni. Ó ní ó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ bíi kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Ètò kan wà tó máa ń jí kọ̀ǹpútà, tó ń sọ fún un bó ṣe máa kàwé àti bó ṣe máa kọ̀wé. Láìsí i, irin lásán ni kọ̀ǹpútà. Mo fún un ní ẹ̀dà tiwa kó lè jẹ́ kí n sinmi."

Ọ̀gá àgọ́ fi ọwọ́ lu tábìlì. Sàláúdéènì wà láàyè ní aago mẹ́rin kọjá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé ní ìṣẹ́jú márùn-ún sí i, òkú ló kù. Kí ni wọ́n tún ń wá? "Láàárọ̀ Mọ́ńdè, kóòtù. Ẹ̀sùn ìpànìyàn."

"Ara òkú ti gan kí n tó dé, sà," Fọláyan sọ.

"Iná ló mú un gan."

Fọláyan kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ ọ́ létí.

Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, ìyá wọn dé láti Alákijà, níbi tó ti ń ta pírófísọ̀n. Ìyáàfin Sìlífátù ni wọ́n ń pè é. Kò ké, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó kó ọwọ́ méjèèjì sáàárín itan.

"Ọmọkùnrin méjì ni mo bí, ọmọ mi. Ọ̀kan wà ní mọ́ṣúárì, wọn ò jẹ́ ká sin ín. Èkejì lẹ tún fẹ́ mú lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn. Ta ni kí n bá délé?"

Ìbéèrè náà dun Fọláyan dé ọkàn. Ó jókòó tì í. "Màmá, ṣé Sàláúdéènì máa ń ṣe àìkíyèsára nídìí iná?"

"Ta ni? Iná ló pa bàbá ẹ̀ lórí òpó. Sàláú kì í fọwọ́ kan wáyà láìrí púlọ́ọ̀gì ẹ̀. Tó bá dá wà, á jókòó lé e. Tí èèyàn bá wà lọ́dọ̀ ẹ̀, á ní kí onítọ̀hún bá òun dì í mú. Èmi náà ti dì í mú láìmọye ìgbà."

Ẹ̀rù ba Fọláyan bó ṣe gbọ́ ọ. Bí ọ̀rọ̀ ìyá yìí bá jẹ́ òótọ́, kò sí pé iná ṣèèṣì gbé e. Ẹnì kan di púlọ́ọ̀gì náà mú, ó sì tì í bọ ihò iná ara ògiri.

Ó lọ bá Mùsúdù nínú sẹ́ẹ̀lì.

"Sọ nípa ẹ̀rọ yẹn fún mi. Ṣé lóòótọ́ ló ṣiṣẹ́?"

"Ó ṣiṣẹ́, Mádàámù. Èmi náà fojú rí i. Ṣùgbọ́n orí ẹ̀ ò gba nǹkan dúró. Tí NEPA bá ti mú iná pẹ́nrẹ́n, gbogbo ohun tó mọ̀ ti lọ. Sàláú á káwọ́ lérí, á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ló ń bí mi nínú. Kì í jẹun lásìkò."

"Nígbà tóo dé lánàá, kí lo rí lójú tẹlifíṣọ̀n?"

Mùsúdù ronú. "Búlúù lásán. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Fọláyan padà sí Áfẹ́níù Kẹrin. Bàbá Ògúndípẹ̀ onílé ló kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Kọ́kọ́rọ́ kejì yàrá náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti fún Sàláúdéènì ní nótíìsì kó kó jáde.

"Ó ń jó fíúùsì mi," bàbá náà sọ láìtijú. "Ṣùgbọ́n màá wá pa ayálégbé mi kẹ̀? Ọ̀dọ̀ fọkanáísà ní Apple Junction ni mo wà lánàá, láti aago mẹ́wàá. Táyà mẹ́rin ló ń lẹ̀ fún mi."

Fọláyan rán kọnsítébù lọ wádìí. Òótọ́ ni. Fọkanáísà ní bàbá náà kò jẹ́ kí òun mí títí di aago márùn-ún.

Lẹ́yìn náà ló yà sí ṣọ́ọ̀bù Bernice onírun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì.

"Ṣé iná àná, sísí mi? Ah! Kọ́sítọ́mà mi wà lábẹ́ dírayà, rólà kún orí ẹ̀. Fáìfù mínìtì ló kù kó lu twelve, NEPA bá ṣe tiwọn. Mo ní kó ní péṣẹ́ǹsì. Ó ń bú mi, ó ń bú NEPA. Ìgbà tí gbogbo kílóòsì pariwo 'Ọ́ọ̀pù NEPA', mo wo aago. Fáìfù mínìtì pásítì fọ́ọ̀. Mi ò lè fọ́gẹ́ẹ̀tì láéláé."

"Ṣé jẹnẹrétọ̀ wà nínú ọgbà yìí?"

"Jẹnẹrétọ̀ kẹ̀? Bàbá Ògúndípẹ̀ tí kì í fẹ́ ra gílóòbù?"

Fọláyan dúró sójú oòrùn, ó ń ka ìka rẹ̀. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Aago mẹ́rin kọjá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó rántí bébà ara ògiri: lọ jẹun, lọ kírun. Ó ránṣẹ́ sí Gbádégẹṣin.

Ní aago mẹ́ta ọ̀sán, gbogbo wọn pé sínú yàrá náà: Gbádégẹṣin, Ìyáàfin Sìlífátù, Bernice, Bàbá Ògúndípẹ̀ àti kọnsítébù. Fọláyan ti ilẹ̀kùn.

"Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin, ẹ bá mi jí ẹ̀rọ yìí. Mo fẹ́ rí ohun tí ẹ rí lójú fèrèsé."

"Kò le." Ó tú táì rẹ̀ díẹ̀. "Ìṣẹ́jú kan ni. Tiwa ní ọ́fíìsì, kí n tó fìdí lélẹ̀, ó ti jí."

"Ṣé ẹ ti wà níbí rí nígbà tó ń jí i?"

"Rárá, títàn ni mo máa ń bá a."

"Ẹ ò ka bébà yìí rí?"

Ó wo bébà náà, ó yọ ṣùtì. "Ìwé ẹni tó ń tún rédíò ṣe? Kí ni màá kà níbẹ̀?"

Fọláyan fúnra rẹ̀ ti kásẹ́ẹ̀tì kìíní bọ̀ ọ́, ó tẹ bọ́tìnì. Ariwo kan jáde, tíntìn-ín-tín, bí ìgbà tí ẹ̀fọn ń kùn létí èèyàn. Ojú tẹlifíṣọ̀n jẹ́ búlúù lásán. Wọ́n dúró.

Ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ooru mú. Bernice ń fi ọwọ́ fẹ́ ara rẹ̀. Àga tí òkú jókòó lé lánàá wà láàárín wọn, kò sẹ́ni tó fẹ́ jókòó síbẹ̀.

"Ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́," Gbádégẹṣin sọ.

"Ẹ jẹ́ ká dúró."

Kásẹ́ẹ̀tì kìíní parí. Fọláyan ti èkejì bọ̀ ọ́. Òógùn ti mu ọrùn ẹ̀wù Gbádégẹṣin. Ó ń wo ilẹ̀kùn, ó ń wo fèrèsé, ó ń wo gbogbo ibi àfi ojú ìyá tó dúró níwájú rẹ̀.

Ní ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógójì géérégé, ariwo náà dákẹ́. Lẹ́tà A kan yọ lójú tẹlifíṣọ̀n, àmì kékeré kan tẹ̀ lé e, ó ń ṣẹ́jú.

"Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógójì," Fọláyan sọ. "Iná dé lánàá ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ ní lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, lẹ́tà ti kún ojú ẹ̀."

"Bóyá mo ṣi aago wò."

"Ẹ ò lè ṣì í. Ẹ ní Mùsúdù ń wọlé bọ̀ bí ẹ ṣe ń lọ. Aago mẹ́rin kọjá ogún ni Mùsúdù wọlé, àwọn èèyàn sì dà bò ó lójú ẹsẹ̀. Kò sí ìṣẹ́jú kan lánàá, láti ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́, tí lẹ́tà wà lójú tẹlifíṣọ̀n yìí. Kí iná tó lọ ní ọ̀sán ni ẹ ti rí i. Ẹ ò mọ̀ pé iná lọ rárá, torí jẹnẹrétọ̀ wà ní ọ́fíìsì yín, tí iná kì í lọ. Òkú ni Sàláúdéènì ní gbogbo wákàtí yẹn, ìdí nìyẹn tí ara ẹ̀ fi gan. Nígbà tí iná padà dé, ó tún padà sára wáyà ọwọ́ ẹ̀."

Gbádégẹṣin sún mọ́ ilẹ̀kùn, kọnsítébù sì dí i lọ́nà.

"Ó ku ìbéèrè kan," Fọláyan sọ. "Sàláúdéènì kì í fọwọ́ kan wáyà láìjẹ́ pé púlọ́ọ̀gì wà lábẹ́ ìdí ẹ̀ tàbí lọ́wọ́ ẹni tó fọkàn tán. Ta ló di púlọ́ọ̀gì mú láàárọ̀ àná?"

Gbádégẹṣin tú táì rẹ̀ kúrò lọ́rùn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tòun ti ṣòkòtò tó lọ̀ dáadáa.

"Ọdún mẹ́fà ni mo fi wà nídìí kọ̀ǹpútà yẹn," ó ní. "Yàrá tútù, ilẹ̀kùn títì. Àwọn ará ọ́fíìsì máa ń rọra rìn tí wọ́n bá ń kọjá. Mo ti sọ fún wọn pé kò sẹ́lòmíì tó lè mọ̀ ọ́n, wọ́n sì gbà mí gbọ́. Sàláú wá ní kí n wá wo nǹkan. Mo wá. Ohun tí mò ń rí lọ́fíìsì ni mo rí, nínú ẹ̀rọ ọmọdé! Ó ní òun á gbé e lọ han ọ̀gá mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Kí ni mo wá jẹ́ mọ́? Ó ń so wáyà kan pọ̀. Ó gbé púlọ́ọ̀gì lé mi lọ́wọ́. Ó ní, 'Bọ̀dá Gbádé, ẹ bá mi dì í mú.' Mo dì í mú. Ògiri wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

"Ẹ wá padà wá ní ìrọ̀lẹ́."

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti rí i. Mo rí Mùsúdù tó ń wọlé, mo rántí ìjà wọn."

Bernice bú sẹ́kún. Bàbá Ògúndípẹ̀ ṣí fìlà kúrò lórí. Ṣùgbọ́n Ìyáàfin Sìlífátù rìn lọ síwájú ọkùnrin náà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn.

"Nígbà tó gbé e lé ọ lọ́wọ́, kí ló tún sọ?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí lọmọ mi sọ?"

Ohùn Gbádégẹṣin rẹlẹ̀. "Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní tóun bá dé iwájú ọ̀gá mi, ohun tóun máa kọ́kọ́ sọ ni pé èmi ni mo kọ́ òun."

"O gbọ́ ìyẹn, o sì tún tì í bọ ògiri?"

"Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni."

Ìyá náà mi orí. "Sàláú kì í fèèyàn ṣe yẹ̀yẹ́," ó ní. "Látọjọ́ tó ti mọ̀ ọ́, tó bá kírun tán, orúkọ rẹ ló máa ń fi ṣàdúrà lẹ́yìn tèmi."

Gbádégẹṣin bo ojú rẹ̀. Kọnsítébù gbé e dìde, ó fi ṣẹ́kọ́sẹ́kọ̀ sí i lọ́wọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n dá Mùsúdù sílẹ̀. Kò yà sílé wẹ̀. Òun àti ìyá rẹ̀ lọ sí mọ́ṣúárì tààrà láti tọrọ òkú, kí wọ́n lè rí i sin.