Àmù Wọ Bọ́ọ̀sì

Nùsírátù ni orúkọ ọmọ yìí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Ìjẹ̀bú-Òde ni ilé wọn wà.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, nígbà tí iléèwé ti gba ìsinmi, ó gbọ́ ariwo níta.

Gbàgà! Gbì! Gbàgà! Gbì!

Bàbá rẹ̀ ló ń kan ìṣó. Bàbá ní bọ́ọ̀sì ńlá kan tó ti gbó. Ó ti yọ gbogbo àga inú rẹ̀ kúrò. Ó wá ń kan bẹ́ẹ̀dì mọ́ ibẹ̀.

Bẹ́ẹ̀dì nínú bọ́ọ̀sì kẹ̀? Ọ̀rọ̀ yìí kò yé Nùsírátù rárá.

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Níbo là ń lọ?"

"Tí a bá débẹ̀, wàá rí i," ni Bàbá wí. Gbàgà! Gbì!

Màmá gbé fìtílà méjì jáde.

"Màmá, ṣebí iná wà nílé wa?"

"Ibi tí à ń lọ kò ní iná mànàmáná."

Màmá gbé kẹ́ẹ̀gì omi jáde. Ọ̀kan. Méjì. Mẹ́ta.

"Màmá, ṣebí ẹ̀rọ omi wà lẹ́yìnkùlé?"

"Ibi tí à ń lọ kò ní ẹ̀rọ omi."

Kò síná. Kò sómi. Irú ibo nìyẹn?

"Tí a bá débẹ̀, wàá rí i," ni Màmá wí. Bí àgbà ṣe máa ń sọ nìyẹn tí ìbéèrè bá ti sú wọn.

Àpò gààrí wọ bọ́ọ̀sì. Ìyẹn yé Nùsírátù. Ta ni yóò jáde ní Ìjẹ̀bú tí kò ní gbé gààrí?

Gbirigbiri, gbirigbiri! Bàbá yí táyà àtijọ́ kan wọ inú bọ́ọ̀sì.

Háà! Ṣebí abẹ́ bọ́ọ̀sì ni táyà ń gbé? Orí Nùsírátù dàrú pátápátá.

Lẹ́yìn náà, Bàbá àti Màmá gbé àmù jáde, àmù ńlá tó máa ń wà ní kọ̀rọ̀ pálọ̀.

"Rọra! Rọra!" Wọ́n gbé e sínú ihò táyà náà.

Àyà Nùsírátù já. Pà!

Àmù kì í kúrò nílé. Ọjọ́ tí àmù àwọn Matilda, ọ̀rẹ́ rẹ̀, jáde nílé ni wọ́n kó lọ sí Ìbàdàn. Matilda ní òun á padà wá. Títí di òní, kò tíì dé.

"Yéè! À ń kó lọ!" ni ó wí nínú ọkàn rẹ̀.

Ó wo Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà jókòó sórí àpótí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀gúsí. Kò di ẹrù kankan.

Ṣé wọ́n fẹ́ fi Ìyá Àgbà sílẹ̀ ni? Ó dun Nùsírátù wọra.

Ìyá Àgbà dìde, ó lọ fọ ọwọ́. Kíá, Nùsírátù gbé àpótí náà. Ó gbé e wọ bọ́ọ̀sì, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ìyá Àgbà padà dé. "Àpótí mi dà?"

Màmá wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Kò sí. Bàbá wo inú ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì. Kò sí níbẹ̀ náà!

"Àbí àpótí mi ti hu ẹsẹ̀ ni?" ni Ìyá Àgbà bèèrè.

Nùsírátù bú sẹ́kún. "Èmi ni mo gbé e! Tí a bá ń kó lọ, ẹ jẹ́ kí Ìyá Àgbà náà tẹ̀ lé wa!"

"Ta ló ń kó lọ?" ni Bàbá wí.

"Àmù ti wọ bọ́ọ̀sì!"

Bàbá wo Màmá. Màmá wo Bàbá. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Etí odò kan lọ́nà Ìjẹ̀bú-Imùṣin la ti fẹ́ lọ gbafẹ́. A ó máa sùn nínú bọ́ọ̀sì. Oòrùn á mú kí omi kẹ́ẹ̀gì gbóná, ṣùgbọ́n omi àmù á tutù. Táyà ni kò ní jẹ́ kí àmù fọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, a ó padà wálé."

"Ìyá Àgbà ńkọ́?"

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín. "Kí èmi sùn nínú bọ́ọ̀sì? Ẹ̀yìn mi kò gbà. Èmi àti àwọn adìẹ mi la ó ṣọ́ ilé."

Nùsírátù ronú. Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n máa padà? Matilda náà sọ bẹ́ẹ̀.

Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan. Ó fi í lé Ìyá Àgbà lọ́wọ́.

"Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ padà wá wọ̀ ọ́."

"Ó dáa," ni Ìyá Àgbà wí. "Ìwọ náà, máa gbé àpótí mi lọ. O gbọ́dọ̀ dá a padà fún mi."

Pí-ín! Pí-ín! Bọ́ọ̀sì gbéra. Nùsírátù jókòó sórí àpótí, ó di àmù mú. Bàtà wà lẹ́sẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì wà lásán.

Ní ọjọ́ Àìkú, pí-ín! Pí-ín! Bọ́ọ̀sì dé.

Nùsírátù ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, àpótí lórí. Ìyá Àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, bàtà lọ́wọ́.

Nùsírátù gbé àpótí kalẹ̀. Ìyá Àgbà jókòó. Ó wọ bàtà fún ọmọ rẹ̀, ó sì gbá a mọ́ra.

"Báwo ni ibẹ̀ ṣe rí?" ni Ìyá Àgbà bèèrè.

Nùsírátù rẹ́rìn-ín kèékèé.

"Ìyá Àgbà, tí ẹ bá débẹ̀, ẹ ó rí i!"