Ẹyin Mẹ́rìnlá Tí A Kò Gbọdọ̀ Yí

Nígbà tí obìnrin náà kọ́kọ́ wọ ọgbà adìẹ ọkùnrin náà, ẹrẹ̀ ti mù ún dé orúnkún, ó sì gbá garawa kan mọ́ àyà bí ẹni tó gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́ta.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Wọ́n ní ẹ ní ẹ̀rọ tí ń bá adìẹ sàba lé ẹyin."

"Mo ní in. Ẹyin kí ni ẹ gbé wá? Tòlótòló ni àbí pẹ́pẹ́yẹ?"

"Ẹyin ọ̀nì ni."

Ọkùnrin náà fi ẹsẹ̀ méjì rìn sẹ́yìn. "Ọ̀nì! Ọ̀nì inú omi?"

"Ẹ má sá, sà. Ọ̀nì kúkúrú ni, kì í ṣe àwọn ràgàjì tí ẹ ń rò yẹn. Bó bá dàgbà tán pátápátá, kò gùn ju èmi yìí lọ."

Ọkùnrin náà wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Ẹ̀yin náà ò kúkú ga."

Ẹkún ni obìnrin náà fẹ́ sun tẹ́lẹ̀, ẹ̀rín ló bú jáde. Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó mọ ohun tí a lè fi ẹrẹ̀ ṣe.

Olùtọ́jú ọ̀nì ni obìnrin yìí ní ọgbà ẹranko tó wà létí odò. Abo ọ̀nì kan wà níbẹ̀ tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè ní Ìyáàfin. Ó ti lo ọdún mọ́kànlá níbẹ̀ láìyé ẹyin kan. Lọ́dún yìí ló fi ẹsẹ̀ àti ìrù wọ́ ewé jíjẹrà jọ bí òkìtì, ó yé ẹyin mẹ́rìnlá sáàárín rẹ̀ kí ooru ewé tó ń rà lè mú wọn lọ́wọ́ọ́wọ́, ó sì dùbúlẹ̀ tì í, ó ń ṣọ́ ọ. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún ni odò kún, tí omi fọ́ òkìtì náà. Díẹ̀ ló kù kó gbé ẹyin náà lọ kí olùtọ́jú tó kó wọn.

"Àwọn ọ̀nì yìí ò pọ̀ mọ́," ló wí. "Àwọn èèyàn ń gé igbó wọn, wọ́n sì ń pa wọ́n jẹ. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá mi gba ẹ̀mí mẹ́rìnlá yìí là."

"Kò sí wàhálà. Ẹ̀rọ mi á máa yí wọn lẹ́ẹ̀mẹ́fà lójúmọ́."

"Rárá o!" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ bo ọkùnrin náà lẹ́nu. "Ẹ ò gbọdọ̀ yí wọn. Ẹyin adìẹ, tẹ́ ò bá yí i, ọmọ inú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ èèpo, á kú. Ti ọ̀nì, lílẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ òkè èèpo yẹn gan-an ni ẹ̀mí rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dorí rẹ̀ kodò, ó lè má jáde mọ́. Ẹ wò ó, mo ti fi pẹ́ńsùlù sàmì sí òkè ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn."

Àmì náà rí bí àgbélébùú kékeré. Ọkùnrin náà mú sípánà, ó tú irin tí ń yí ẹyin kúrò nínú ẹ̀rọ kan, ó sì tẹ́ ewé tútù sínú rẹ̀ bí obìnrin náà ṣe sọ fún un.

Láti ọjọ́ náà, lọ́sàn-án ọjọ́ gbogbo, obìnrin náà á wá wo ooru ẹ̀rọ, á wọ́n omi sí ewé. Ó ní kí ooru náà má ṣe ségesège, torí òun ni yóò pinnu èyí tó máa jẹ́ akọ àti èyí tó máa jẹ́ abo.

"Ooru lásán?" ni ọkùnrin náà wí. "Tó bá rí bẹ́ẹ̀ fún èèyàn ni, ìyá mi tó bí ọkùnrin márùn-ún ì bá ti wábi gbé ibùsùn rẹ̀ lọ."

Ó máa ń bi í ní ìbéèrè kó má bàa tètè lọ. Kí ni Ìyáàfin ń jẹ? Akàn, ọ̀pọ̀lọ́, ẹja, ìgbín. Ṣé ó burú? Kò burú rárá. Ojú ló ń tì í. Ọ̀sán ló fi ń sùn nínú ihò tó gbẹ́ sétí omi. Láti orí dé ìrù, àní títí dé ikùn, egungun ló bò ó bí aṣọ ogun, síbẹ̀ ó ń sá fún ẹni tó bá húkọ́.

"Ẹni tó dá a mà ń ṣàwàdà o," ni ọkùnrin náà wí. "Ó wọ ojo láṣọ ajagun."

Lọ́jọ́ kan, bí obìnrin náà ti ń ti ilẹ̀kùn ẹ̀rọ, ọkùnrin náà ní, "Ṣé o ti jẹun?"

Obìnrin náà yíjú padà. "Ìgbà wo ni mo di 'o'?"

"Ó ti pẹ́. Ẹnu mi ni kò tètè gbọ́." "Olólùfẹ́ mi, mo fẹ́ fẹ́ ọ."

"Mo ti ń dúró dè ọ́ láti ìgbà tá a ti ń sọ̀rọ̀ ìgbín," ló dáhùn, inú rẹ̀ sì dùn dé ibi tí kò fi lè wo ojú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyá ọkùnrin náà ńkọ́? Opó ni Màmá. Adìẹ mẹ́ta péré ló fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, tó fi tọ́ ọmọkùnrin márùn-ún. Ó fẹ́ràn Ọlọ́run, ó fẹ́ràn àwọn ọmọ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ.

"Nínú gbogbo obìnrin tó wà láyé," ló wí, "ẹni tó ń fún ọ̀nì lóúnjẹ lo rí? Lọ́jọ́ tí ẹja bá tán, ṣé ìwọ ni yóò jù sí i?"

"Màmá, ẹ jẹ́ kó wá kí yín ná."

"Kó kọ́kọ́ fọwọ́ ná."

Ọkùnrin náà kò fẹ́ gbéyàwó láìsí àdúrà ìyá rẹ̀, obìnrin náà pẹ̀lú kò sì fẹ́ ilé tí a kò ti fẹ́ òun. Wọ́n ń dúró, wọ́n ń gbàdúrà.

Nínú oṣù kẹta tí ẹyin ti wà nínú ẹ̀rọ, ọkùnrin náà rin ìrìn àjò ọjọ́ méjì lọ ra oúnjẹ adìẹ. Ó ní kí Màmá bá òun wo ooru àwọn ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ yíyí ẹyin kò wá sí i lọ́kàn, torí Màmá kì í yà sídìí ẹ̀rọ ọ̀nì.

Àmọ́ lọ́jọ́ náà, ó yà. Ó ṣí ewé, ó rí ẹyin mẹ́rìnlá, àgbélébùú sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àdúrà ni ó rò pé wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ!

"Áà, ọmọ yìí mọ Olúwa," ló sọ sínú ara rẹ̀. "Mo sì ti ń bú u."

Ó wá rí i pé irin tí ń yí ẹyin kò sí níbẹ̀. Àánú ọmọ náà ṣe é. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì yí ẹyin mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbàdúrà sórí wọn, gẹ́gẹ́ bó ti yí ẹyin adìẹ láti ọgbọ̀n ọdún.

Lọ́sàn-án, obìnrin náà dé. Kò rí àgbélébùú kankan.

"Ta ló yí wọn?"

"Èmi ni, ọmọ mi. Wọ́n ti fẹ́ lẹ̀."

"Ẹ ti pa wọ́n! Màmá, ẹ ti pa ọmọ mẹ́rìnlá!"

Ẹ̀rín kú lójú Màmá. "Èmi? Èmi tí mo bí márùn-ún tí ìkankan ò kú, èmi lo pè lápani? Jáde. Má tún tẹ ilé yìí mọ́."

Obìnrin náà dá ẹyin padà sí bí wọ́n ti wà, ó sì jáde. Kò lè kó wọn lọ. Gbígbé wọn kiri tún lè pa wọ́n.

Nígbà tí ọkùnrin náà dé, tó gbọ́, ó ní, "Màmá, ẹ̀bi mi ni. Mi ò sọ fún yín." Ó ṣàlàyé àmì náà.

Ó rí olólùfẹ́ rẹ̀ lẹ́bàá adágún Ìyáàfin, ojú rẹ̀ wú.

"Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni yíyí burú jù," ni obìnrin náà wí. "Wọ́n ti dàgbà báyìí, àwọn kan lè yè é. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìbínú ò jẹ́ kí n rántí. Ṣé irú ẹnu tí mo fi bá àgbà sọ̀rọ̀ nìyẹn? Báwo ló ṣe máa gbà mí lọ́mọ?"

"Wá bẹ̀ ẹ́."

"Ó ní kí n má tẹ ilé rẹ̀ mọ́. Mi ò ní fi àìgbọràn tọrọ àforíjì."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá. Màmá gbé àpótí sídìí ẹ̀rọ náà, ibẹ̀ ló ń jókòó sí. Kò jẹ́ kí ẹlòmíì wọ́n omi sí ewé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹwàá, ó gbọ́ ohùn kékeré kan, kọ́ọ̀, kọ́ọ̀. Òmíràn dá a lóhùn. Ó sún mọ́ ọn. Inú èèpo ni!

Ẹni tó bá rí Màmá lójú títì láàárọ̀ ọjọ́ náà á rò pé ilé ń jó. Bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ọgbà ẹranko.

"Níbo lọmọ tí mo lé dà? Ẹ bá mi pè é! Ọmọ mi, wọ́n ń ké nínú ẹyin! Adìẹ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tó bá fẹ́ jáde. Ṣé tìrẹ náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà! Ìyá wọn ni wọ́n ń pè!"

Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n sáré padà. Mọ́kànlá jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò gùn ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, ṣùgbọ́n ó ti ń la ẹnu sí ayé. Mẹ́ta kò jáde. Màmá fọwọ́ kan àwọn mẹ́ta náà, omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"Dárí jì mí, ọmọ mi."

Obìnrin náà ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ dárí jì mí, Mà. Ìfẹ́ lẹ fi yí wọn."

Lọ́sàn-án, wọ́n gbé àwọn ọmọ náà lọ sétí adágún, Màmá, ọmọkùnrin rẹ̀ àti obìnrin náà sì dúró lẹ́yìn ọgbà onírin. Àwọn ọmọ ń ké. Ìyáàfin jáde nínú ihò rẹ̀, ó rìn dé ọ̀dọ̀ wọn, ó la ẹnu, ó sì gbé ọ̀kan.

"Yéè! Ó jẹ ẹ́!" ni Màmá kígbe.

"Ẹ fara balẹ̀, Mà. Ó ń gbé e lọ sínú omi ni. Bí wọ́n ṣe ń gbọ́mọ nìyẹn."

Lóòótọ́, Ìyáàfin dé inú omi, ó la ẹnu, ọmọ náà sì lúwẹ̀ẹ́ jáde, láìní egbò kankan. Ó padà wá gbé òmíràn. Màmá ń wò, ó ń mi orí.

"Gbogbo eyín yẹn," ló wí jẹ́ẹ́, "kò sì ha ọmọ lára." Ó yíjú sí obìnrin náà. "Ẹnu mi náà mú, o ti mọ̀. Òun ni mo fi lé ọ jáde. Ṣé wàá jẹ́ kí n fi gbé ọ wọlé, ìyàwó mi?"

"Ẹ gbé mi, Mà," ni obìnrin náà wí, ó sì gbórí lé e láyà.

Ọmọkùnrin Màmá di irin ọgbà mú. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti tò sílẹ̀ láti oṣù mẹ́ta fò lọ lórí rẹ̀, kò rí nǹkan sọ ju "Àmín" lọ.