Àmì Kan Ṣoṣo Lábẹ́ O

Agogo ìsinmi ò tíì dákẹ́ tí ìlà ti gùn lọ rẹrẹ nídìí ẹ̀rọ omi. Kì í ṣe ìlà lásán o. Ọ̀gá ilé-ìwé tuntun, obìnrin kan tó fẹ́ràn ètò bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn súìtì, ló pàṣẹ pé bí èsì ìdánwò kíláàsì kọ̀ọ̀kan bá ṣe rí ni kí wọ́n ṣe tò. Ẹni tó gba ipò kìíní ni yóò kọ́kọ́ mu omi. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló sì wà, kó tó kan àwọn tó wà nísàlẹ̀, agogo á ti tún lù.

Ipò kọkànlélọ́gbọ̀n ni Rúdurùdu wà. Bàbá rẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ ní orúkọ yẹn. Olùkọ́ lítíréṣọ̀ ló fi ṣe ìnagijẹ fún un nítorí àpò ìwé rẹ̀, níbi tí ìwé, búrẹ́dì àti ìbọ̀sẹ̀ ti jọ ń gbé láìjà. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń jókòó, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan, ló gba ipò ogójì nínú ogójì. Ọ̀sẹ̀ kejì rèé tí ọmọ náà ò rí omi mu lásìkò ìsinmi, ètè rẹ̀ ti gbẹ títí ó fi là.

"Àṣé ẹni tí kò mọ ìṣirò, òùngbẹ kì í gbẹ ẹ́," ni Rúdurùdu sọ, ṣùgbọ́n ó rọra sọ ọ́ ni, kí ọ̀gá má baà gbọ́.

Lọ́jọ́ náà gan-an, olùkọ́ lítíréṣọ̀ ń kọ́ wọn pé ètò ló máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn, rúdurùdu á dé, ètò á sì padà sípò. Nígbà tó dé orí rúdurùdu, gbogbo kíláàsì yíjú sí ọmọ wa, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó nawọ́, ó bèèrè pé bí ètò àkọ́kọ́ bá burú ńkọ́, ṣé òun náà ló yẹ kó padà? Olùkọ́ wúkọ́, ó ní kó kọ ohun tó wà lójú pátákó, ìdánwò ti dé tán.

Iṣẹ́ pátákó kíkọ ni bàbá Rúdurùdu ń ṣe. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù, kò sì ṣi lẹ́tà kọ rí. Ó máa ń sọ pé ẹni tó kọ Yorùbá tí kò fi àmì sí i, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ló sè. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ àmì nìkan ló ń fi ṣe, òun ló sì máa ń lò kẹ́yìn.

Bàbá yìí ni ọ̀gá pè lọ́jọ́ Àbámẹ́ta pé kó wá kọ Ẹ TÒ SÍBÍ gàdàgbà sára ògiri ẹ̀rọ omi. Rúdurùdu tẹ̀ lé e láti bá a po ọ̀dà. Bàbá kọ ọ́, ó fi àmì tó yẹ sí i, ó kó àwọn búrọ́ọ̀ṣì ńlá, ó sì lọ fọ̀ wọ́n lẹ́yìn ilé. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré kù lọ́wọ́ ọmọ, ọ̀dà ṣì wà lórí rẹ̀. Ọkàn kan ní kó gbé e jẹ́ẹ́. Ọkàn kejì ní kí ni àmì kan ṣoṣo lè dà? Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fi àmì kan sábẹ́ O. Nígbà tí bàbá padà dé, kò wo ògiri mọ́, ó palẹ̀ mọ́, wọ́n lọ sílé.

Ẹ̀yin náà, ẹ fi àmì sábẹ́ O yẹn, kí ẹ kà á sókè. Ẹ ò rí i pé àṣẹ pé kí ọmọ tò ti di àṣẹ pé kí ọmọ tọ̀!

Lọ́jọ́ Ajé, kí ìsinmi tó dé, ọmọkùnrin mẹ́ta ti ṣe ohun tí ògiri ní kí wọ́n ṣe. Nígbà tí olùkọ́ mú ọ̀kan, ó ní àṣẹ ọ̀gá lòun tẹ̀ lé. Ẹ̀rín sọ, ìlà sì tú. Àwọn tó wà lẹ́yìn sáré síwájú, àwọn tó wà níwájú ò gbà, wọ́n ń fa orí ẹ̀rọ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ títí ó fi yọ, omi sì tú dànù. Rúdurùdu rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà náà ló rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ti tì í ṣubú, orúnkún rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, wọ́n sì ti tẹ ife rẹ̀ fọ́. Nígbà tí ètò wà, òun ló kẹ́yìn. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ dàrú, òun náà ló kẹ́yìn. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Rúdurùdu.

Wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá rẹ̀. Lójú gbogbo ilé-ìwé ni ọ̀gá ti sọ fún un pé púrúǹtù tí kò mọ O yàtọ̀ sí Ọ kò yẹ lẹ́ni tó ń pe ara rẹ̀ ní akọ̀wé. Bàbá sún mọ́ ògiri, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. "Ẹ má bínú, mà," ló wí. "Ojú mi ni." Rúdurùdu rọra bọ́ sẹ́yìn àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó délé, ó bá bàbá tó ń fi àkísà di àwọn búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ó ń sọ fún ìyá Rúdurùdu pé iṣẹ́ ti parí, pé akọ̀wé tójú rẹ̀ ń rí ohun kan tọ́wọ́ rẹ̀ ń kọ òmíràn, kó yáa sinmi kó tó di ẹni ẹ̀sín. Kò sẹ́ni tó rí Rúdurùdu lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Tó bá dákẹ́, ó ti tán nìyẹn. Àmọ́ ó wo ọwọ́ bàbá rẹ̀ bó ṣe ń ta kókó àkísà náà, kò lè fara dà á.

"Bàbá, ojú yín ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo fi àmì yẹn sí i."

Bàbá kọ́kọ́ mí kanlẹ̀, bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí padà, tó bèèrè ìdí. Ọmọ ròyìn ìlà, ó ròyìn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti ètè tó là.

"Ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀," ni bàbá wí. "Ṣùgbọ́n kí ló dé tó jẹ́ pé ọwọ́ mi lo fi sọ ọ́, tí o wá sá pamọ́ sẹ́yìn mi? Ẹni tó bá fẹ́ kọ nǹkan, kó dúró síbi tí wọ́n ti lè rí i. Ibi tí o ti tú u ni wàá ti dì í lọ́la."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Rúdurùdu jáde síwájú gbogbo wọn. Ó jẹ́wọ́, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀gá ní kó fọ ògiri, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un kọ, kó sì kúnlẹ̀ kó sọ pé ìlà ilé-ìwé dára.

"Màá fọ̀ ọ́, mà. Màá tún un kọ. Mo ṣẹ̀," ló wí. "Àmọ́ ìlà yẹn ò dára, mi ò sì ní fi ẹnu mi sọ pé ó dára."

Ọ̀gá ní kó lọ fọ ògiri ná.

Ó fọ̀ ọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Nígbà tí ìsinmi fi máa dé, wọ́n ti tún ẹ̀rọ ṣe, gbogbo wọn sì dúró tí wọ́n ń wò ó. Bàbá káwọ́ gbera, kò ràn án lọ́wọ́. Ó kọ Ẹ TÒ SÍBÍ, kò sí àmì kankan lábẹ́ O. Ó yẹ kó dúró níbẹ̀. Kò dúró. Ó tún ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, ó sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: ẸNI TÓ BÁ KỌ́KỌ́ DÉ NI KÓ KỌ́KỌ́ MU. Lẹ́tà náà wọ́ díẹ̀. Bàbá kà á délẹ̀, ó ní kò sí àmì tó ṣì.

"Ta ló ní kí o kọ ìyẹn?" ni ọ̀gá bèèrè.

"Kò sẹ́ni tó rán mi, mà. Èmi ni mo kọ ọ́. Gbogbo wọn ló rí mi."

Ọ̀gá kọ ìwé fún un lójú ẹsẹ̀ pé kó lọ lo ọ̀sẹ̀ kan nílé. Rúdurùdu fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ibi tó ti ń di àpò rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti tiro lọ sídìí ẹ̀rọ. Òun ló sún mọ́ ọn jù, nítorí òun ló ń bá a pọn omi tó fi fọ ògiri. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sì mu omi. Ọmọ tó gba ipò kìíní wo ọ̀gá, ó wo ògiri, ó lọ dúró sẹ́yìn rẹ̀. Òmíràn tẹ̀ lé e. Ẹnìkan ò ti ẹnìkan. Ìlà náà gún débi pé ọ̀gá, pẹ̀lú gbogbo ìfẹ́ tó ní sí ètò, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì padà sí ọ́fíìsì rẹ̀.

Rúdurùdu lo ọ̀sẹ̀ rẹ̀ pé nílé, ìdánwò kan sì kọjá lórí rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín pé òtítọ́ kì í ná ni ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ètò tó bá ń jẹ aláìlágbára níyà, ẹ kọ̀ ọ́. Ẹ má fi rúdurùdu kọ̀ ọ́, nítorí ẹni tí ètò burúkú ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ náà ni rúdurùdu máa kọ́kọ́ tẹ̀. Ẹ dúró ní gbangba, ẹ sọ pé kò dára, kí ẹ sì sọ èyí tó dára jù ú lọ.