Oògùn Ọjọ́ Márùn-ún Tí A Lò fún Oṣù Mẹ́rin

Ní Ìbàfò níbi tí à ń gbé, bí ènìyàn bá ṣàìsàn tó sì padà wá sanra, inú gbogbo àdúgbò ló máa ń dùn. Bí wọ́n ṣe ń kí ọkọ mi nìyẹn lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀. Wọ́n á wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó ti yọ rọ̀bọ̀tọ̀, wọ́n á ní ara rẹ̀ ti dá, wọ́n á ní Ìyá Toyyibah ń tọ́jú ọkọ. Orí mi á sì wú.

Èmi Hàfísátù ni Ìyá Toyyibah yẹn. Àwọn elétò ìlera tó wá bá wa sọ̀rọ̀ láìpẹ́ yìí ló ní kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa, kí ẹlòmíràn má baà ṣe é. Ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́.

Iṣẹ́ táìlì ni Nọ́fíù ọkọ mi ń ṣe. Ọ̀pọ̀ ilé tuntun ní Magboro àti Arepo, òun ló tẹ́ ilẹ̀ wọn. Ìlóṣòó àti ìbẹ̀rẹ̀ ojoojúmọ́ wá kó bá a lẹ́yìn. Nǹkan kan yẹ̀ nínú ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, ó tẹ iṣan tó lọ sí ẹsẹ̀, débi pé kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láìjẹ́ pé mo gbá a mú. Nínú oṣù kẹwàá, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un l'Ékòó, ó sì yọrí sí rere.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá wa sílẹ̀, dókítà fún un ní oríṣi oògùn mẹ́ta. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ kóró funfun kékeré. Dókítà ní sitẹ́rọ́ìdì ni wọ́n ń pè é, pé yóò mú kí wíwú ibi tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí lọ sílẹ̀, kí ìrora sì dínkù. Ó ní ọjọ́ márùn-ún péré ni kó lò ó, kó má kọjá bẹ́ẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé. Mo mọ̀wé, mo sì kà á.

Kóró kékeré yẹn ṣiṣẹ́ kọjá ohun tí mo rò. Láàárín ọjọ́ méjì, ọkọ mi ń dá rìn lọ sí balùwẹ̀. Ní ọjọ́ kẹfà tí oògùn tán, ìrora tún yọjú. Kò tó ti àtẹ̀yìnwá rárá, ṣùgbọ́n ẹni tó ti tọ́ ìtura wò kì í fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Ó ní kí n bá òun wá oògùn kékeré yẹn.

Dípò kí n pe ilé ìwòsàn, páálí oògùn tó ti ṣófo ni mo mú lọ bá Lukman, tó ń ta kẹ́míìsì ní ìkóríta wa. Kò béèrè ìwé dókítà lọ́wọ́ mi. Ó ní òun mọ oògùn náà dáadáa, pé àwọn tó fẹ́ sanra gan-an máa ń rà á. Ó dà á sínú ọ̀rá fún mi. Kò parọ́ fún mi, èmi náà kò parọ́ fún un. Àwa méjèèjì ni a kò mọ ohun tí à ń ṣe.

Bẹ́ẹ̀ ni oògùn ọjọ́ márùn-ún ṣe di oògùn ojoojúmọ́.

Nígbà tó fi máa di oṣù kejìlá, ojú rẹ̀ ti kún, ikùn rẹ̀ ti yọ. Ó ń mu omi bí ẹni tó wà ní aṣálẹ̀, ó sì ń tọ̀ lemọ́lemọ́. Mo ní ara tó ń bọ̀ sípò ni. Nọ́ọ̀sì kan ń gbé nínú ọgbà wa, Jésùlayọ̀mi lorúkọ rẹ̀, ọmọ jẹ́jẹ́ tó ń lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó láràárọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi lọ́jọ́ kan, ó ní, "Mà, ẹ má bínú o. Kí ni Dádì Toyyibah ń lò? Ojú wọn yìí, wíwú ló wú, kì í ṣe pé wọ́n sanra."

Mo ní oúnjẹ mi ni. Nígbà tó lọ tán, mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, mo ní ọmọ tí kò tíì rí ọkọ fẹ́ ti ń ka ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkọ mi. A rẹ́rìn-ín títí. Bí mo bá rántí ẹ̀rín yẹn báyìí, ó máa ń dùn mí.

Ààwẹ̀ Rámádánì dé. Ọkọ mi ní òun kò ní gbé oògùn kankan mì mọ́, pé ara òun ti yá, òun fẹ́ fi gbogbo ara gbààwẹ̀. Inú mi dùn. A kò bi dókítà, a kò bi àlùfáà, tí wọn ì bá sọ fún wa pé ẹni tí ara rẹ̀ kò tíì yá ní ẹ̀tọ́ láti dá ààwẹ̀ rẹ̀ dúró.

Ní ọjọ́ kejì, ó rẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, ó ń bì. Ní ọjọ́ kẹrin, bó ṣe ń ṣe àlùwàlá fún ìrun Àsárì, ó ṣubú, kò sì dá wa lóhùn mọ́.

Ìsinmi ni Jésùlayọ̀mi wà lọ́jọ́ náà. Òun ló bá mi gbé e dé ilé ìwòsàn ní Mowe. Dókítà tó gbà wá bi mí pé oògùn wo ló ń lò. Mo ní kò lo nǹkan kan. Ó tún bi mí, mo tún ní kò lo nǹkan kan. Ojú ń tì mí láti sọ pé inú ọ̀rá ni mo ti ń bu oògùn fún ọkọ mi. Nọ́ọ̀sì yìí bá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mà, mi ò bá yín jà o. Ẹ ṣáà sọ fún mi. Tẹ́ ò bá sọ, ohun tí ò sí ni wọ́n á máa wá, Dádì sì ń lọ yẹn."

Mo ní, "Kóró funfun tí wọ́n fún un lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni. Látìgbà yẹn."

"Lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́. Nígbà mìíràn, méjì."

"Ìgbà wo ni wọ́n dá a dúró?"

"Ọjọ́ tí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀."

Kò bú mi. Ó sáré padà sọ́dọ̀ dókítà. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fa omi sí i lára, nígbà tó sì fi máa tó àkókò ìṣínu, ọkọ mi ti la ojú.

Lọ́jọ́ kejì, Jésùlayọ̀mi jókòó tì mí, ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. "Mà, oògùn yẹn gan-an kì í ṣe ọ̀tá. Ọjọ́ márùn-ún tí dókítà fún wọn dáa. Ara wa fúnra rẹ̀ máa ń ṣe nǹkan tó jọ oògùn yẹn, òun ló ń gbé wa dúró. Téèyàn bá wá ń lo ti inú kóró fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ara á sinmi, kò ní ṣe tiẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá já a gbà lójijì, kò ní sí ti oògùn, kò ní sí ti ara. Dókítà ló yẹ kó máa dín in kù fún wọn díẹ̀díẹ̀."

Ó tún ní ìrora tó ṣẹ́kù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kì í ṣe ohun àjèjì. Ká ní a padà lọ ni, oògùn mìíràn wà tí wọn ì bá fún un.

Mo rò pé ibẹ̀ ni yóò parí sí. Nínú oṣù kẹfà, itan bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Wọ́n ya fọ́tò eegun rẹ̀ nílé ìwòsàn, wọ́n ní orí eegun itan rẹ̀ ti ń kú, pé lílo oògùn yẹn fún ìgbà pípẹ́ lè fa irú rẹ̀. Dókítà tún yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ẹ̀yìn tí a tìtorí rẹ̀ ṣe gbogbo wàhálà yìí ti jinná pátápátá.

Ọkọ mi ń fi ọ̀pá rìn báyìí, orí àga ló ti ń kírun. Ọwọ́ ẹlòmíràn ni iṣẹ́ táìlì rẹ̀ wà. Kò fi ìgbà kan sọ pé èmi ni mo fà á, mo sì mọ̀ pé èmi ni mo rà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ní aláìsàn nílé, iye ọjọ́ tí dókítà bá kọ ni kí ẹ lo sitẹ́rọ́ìdì mọ. Ẹ má fi páálí tó ti ṣófo ra òmíràn, ẹ má sì gba oògùn tí kò lórúkọ lára. Bí ojú aláìsàn yín bá ń wú, tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ jù, tí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ kò jinná, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹni tó bá sì ti ń lò ó fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kó má ṣe dá a dúró fúnra rẹ̀, ìbáà jẹ́ nítorí ààwẹ̀. Ohunkóhun tí ẹ bá ń lò, ẹ sọ ọ́ fún dókítà ní ìgbà àkọ́kọ́ tó bá bi yín.

Ìrora tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà ni kí ẹ gbé e padà lọ. Bí ọ̀nà bá jìn, ẹ pè wọ́n. Èmi ò pè.