Ẹsẹ̀ Tó Ń Tẹ Bíréèkì

Ẹni tó bá mọ̀ mí dáadáa mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀ iwin. Iṣẹ́ iná ọkọ̀ ni mò ń ṣe, Ìyá Oníwáyà ni wọ́n ń pè mí. Ojú mi méjèèjì yìí ló rí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á, kó gbà á. Ẹni tí kò bá gbà á, kó lọ sùn.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ra píkọ́ọ̀pù àlòkù kan tó fi ń kó pákó. Ọkọ̀ náà dára, àmọ́ fíùsì iná bíréèkì rẹ̀ kì í pẹ́ jó. A fi òmíràn sí i, ó jó. A tún pààrọ̀ rẹ̀, ó tún jó. Orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gígùn tó lọ sí ilé ìwòsàn ló sì ti máa ń jó. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún, oṣù rẹ̀ ti pé. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn náà ni wọ́n máa gbà lọ bímọ.

Àwọn méjèèjì ló jọ gbé ọkọ̀ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, tí kò jìnnà sílé wọn.

"Ọkọ mi," ni ìyàwó wí. Obìnrin ni mí o, àmọ́ lójú ìyàwó ilé, ọkọ ni àbúrò ọkọ. "Ẹ bá wa wò ó dáadáa. N ò fẹ́ bímọ sójú ọ̀nà."

"Ìyàwó wa, fọkàn balẹ̀. Fíùsì lásán ni."

Ẹnu mi dùn lọ́jọ́ yẹn.

Òjò ti ṣú, inú ṣọ́ọ̀bù sì ṣókùnkùn. Mo tú ìdí gílóòbù ẹ̀yìn, kò dípẹtà. Mo tọ wáyà lábẹ́ ọkọ̀ láti ẹ̀yìn dé iwájú, eku ò jẹ ẹ́, kò bó níbì kankan. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Bí ọ̀rọ̀ wáyà ṣe rí nìyẹn.

Mo wá ṣe ohun tí ọ̀gá mi kọ́ mi. Mo yọ fíùsì, mo fi gílóòbù kékeré kan rọ́pò rẹ̀. Gílóòbù kì í jó bíi fíùsì. Bí iná bá ń gba ibi tí kò yẹ, yóò kàn máa tàn ni, èèyàn á sì lè wá ibẹ̀ kàn. Ẹ̀gbọ́n mi wọlé, ó tẹ bíréèkì. Gílóòbù tàn fẹ́ẹ́rẹ́. Ó gbẹ́sẹ̀ kúrò, iná náà kú.

"Ó dáa. Ẹ sọ̀ kalẹ̀."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wá dúró tì mí. Gílóòbù tún tàn. Lọ́tẹ̀ yìí, ó mọ́lẹ̀ débi pé mo fọwọ́ bojú.

"Ta ló wà nínú ọkọ̀?"

"Kò sẹ́nìkan," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà.

Mo já wáyà ìdí bíréèkì. Kò kú. Mo tú orí bátìrì, mo gbé e sílẹ̀. Kò kú. Iná wo ló wá ń tàn? Orí mi wú. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo abẹ́ sítíárìn. Bíréèkì ti wọlẹ̀ tán, bí ìgbà tí ẹsẹ̀ èèyàn wúwo lé e. Kò sí ẹsẹ̀ níbẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, ó rọra gbéra sókè. Gílóòbù kú. Mo gbọ́ tí ẹnìkan mí kanlẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ìgbà yẹn ni ìyàwó pariwo. Omi ti dà lára rẹ̀.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọkọ̀ mìíràn nítòsí. Ẹ̀gbọ́n mi yọ gílóòbù náà, ó ká wáyà bàbà kan síbi tó yẹ kí fíùsì wà, kí iná ẹ̀yìn lè máa tàn nínú òjò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Fíùsì ló ń jó kí ọkọ̀ má baà jó."

"Ṣé kó bí i síbí ni?"

Mo so wáyà ìdí bíréèkì padà. Mo so bátìrì náà padà. A gbé ìyàwó sáàárín, a gbéra.

A dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ bíréèkì. Ó tún un tẹ̀.

"Kò mú," ó wí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

Ọkọ̀ ń sáré. Ìyàwó di ọwọ́ mi mú. Mo rò pé ó ti parí fún wa. Àfi bí ọkọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Ó falẹ̀, ó falẹ̀, ó dúró wọ́ọ́rọ́wọ́ níwájú géètì ilé ìwòsàn.

"Ẹ ṣeun," ni mo wí fún ẹ̀gbọ́n mi.

Ó ń wo ilẹ̀. Ó ti ká ẹsẹ̀ méjèèjì sókè sórí àga.

"Èmi kọ́."

Ìyàwó bí obìnrin. Tìyá-tọmọ ló yè. Mẹkáníìkì ní gbogbo òróró bíréèkì ti jò tán kí a tó sọ̀ dé ìdajì ọ̀nà. Kò mọ ohun tó dá wa dúró. Ó tún un ṣe, mo fi fíùsì tuntun sí i.

Kò jó mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Gbogbo èèyàn ló ń yìn mí, wọ́n ní ọwọ́ mi dá iṣẹ́ mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń gbé ìyàwó àti ọmọ sọ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn nígbà gbogbo, ó ń sáré bí ẹni ń ṣeré. Ẹ̀rù ló ń bà mí: bí fíùsì kò bá jó mọ́, a jẹ́ pé ẹsẹ̀ tó ń bá wa tẹ bíréèkì ti lọ. Bí wọ́n bá ti dé, kí n tó gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, mo máa ń ṣí ibi fíùsì wò. Kò jó. N ò tíì sọ fún ìyàwó wa pé mò ń gbàdúrà kó jó.