Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n Lára Àbúrò

Ọjọ́ tí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú ni ọwọ́ Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ mọ iṣẹ́.

Àwọn oníbàárà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Tó bá ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín lórí bẹ́ǹṣì, ẹni tó ń kánjú á gbàgbé ibi tó ń lọ. Ó ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, ó ti kọ́ṣẹ́ káfíńtà, ó ti ta fóònù. Kò sí èyí tó bá a mu. Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́, ṣùgbọ́n oògùn yẹn kò jẹ́ lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ onígbàjámọ̀ ló ń bọ́ ọ, ojú sì ń tì í.

Báyìí, òun ló ń fárí fún àwọn ọlọ́lá. Mọ́tò méjì ló wà níta ṣọ́ọ̀bù, tirẹ̀ ni méjèèjì. Lọ́sàn-án, á lọ sílé lọ fi ṣíbí bọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, torí apá onítọ̀hún kàn ń fì ni.

“Àbúrò,” ni ẹ̀gbọ́n wí lọ́jọ́ kan, “bó o ṣe di ṣíbí yẹn mú, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń di abẹ mú. Ìka kékeré á wà lókè.”

“Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi.”

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tún bu oúnjẹ sí i lẹ́nu. Ọwọ́ yẹn ò gbọ̀n rárá.

Kí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n tó kú, nígbà tí ìtìjú sú u, ó ti lọ bá adáhunṣe kan tó ń gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù onítáyà. Yàrá rẹ̀ kò ní fèrèsé. Ọ̀sán gangan, òkùnkùn biribiri. Ẹ̀jẹ̀ tó ti kan ń rùn níbẹ̀. Ọkùnrin náà wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó sì ń béèrè ọ̀rọ̀ bí ọ̀gá tó fẹ́ gba ènìyàn síṣẹ́.

“Iṣẹ́ wo lo mọ̀ ọ́n ṣe?”

“Kò sí, bàbá.”

“Ta ló mọṣẹ́ nílé yín?”

Ìgbà yẹn ló yẹ kó dìde. “Ẹ̀gbọ́n mi,” ló wí.

“Mú abẹ rẹ̀ wá. Kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́nu abẹ náà.”

Lọ́jọ́ kejì, ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ gba abẹ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì fà á. Àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀gbọ́n ya. “Kò tọ́ nǹkan,” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Ṣé kò gé ọ?” Ọ̀rọ̀ yẹn ń jẹ ẹ́ lọ́kàn títí dòní.

Nígbà tó gbé abẹ náà dé, adáhunṣe ki ọwọ́ Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ méjèèjì bọ inú ìkòkò. Nǹkan kan tó gbóná dì í mú nísàlẹ̀, adáhunṣe sì ń pe ọfọ̀.

“Ohun tí ejò bá gbé mì kì í ké. Ohun tí iná bá jẹ kì í padà di igi. Ọwọ́ tó ń ṣí lọ, má wẹ̀yìn.”

Egungun ìka rẹ̀ ń ṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń tún ara wọn tò. Ó ké títí ohùn fi há.

Wàyí o, adáhunṣe náà fúnra rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kò sí oníbàárà. Ó jókòó, ó gbé àgbọ̀n sókè.

“Iṣẹ́ yìí mà bá ọ mu o.”

“Bàbá, mo fẹ́ dá a padà. Ẹ kó mọ́tò, ẹ kó gbogbo ẹ̀.”

“Ta ló ń dá ọwọ́ padà? Ebi ń pa ohun tó wà nínú ìkòkò báyìí. Ẹ̀jẹ̀ tó kù lára ẹ̀gbọ́n ẹ ló máa mu. Tó ò bá mú un wá lọ́la, màá wá gbé e fúnra mi. Fá irùngbọ̀n mi.”

Abẹ dé ọ̀fun, ọwọ́ sì dúró, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe máa ń dúró tó bá dé ibi tó le. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ fẹ́ fà á sẹ́yìn. Ọwọ́ kò gbọ́ tirẹ̀. Kò sì lè búra pé òun fà á dáadáa.

Adáhunṣe lajú. “Ohun tí ejò bá…”

Ẹ̀jẹ̀ ló parí ọ̀rọ̀ náà. Ó ta sí díńgí, ó ta sí àjà. Abẹ bọ́ sílẹ̀, apá Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ méjèèjì sì rọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ó sáré délé, ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró lẹ́bàá fèrèsé, ó ń ká ìka, ó ń nà án, omijé ayọ̀ ń dà lójú rẹ̀.

“Àbúrò, wá wò ó. Wọ́n ti jí.” Ó gbé wọn sínú ìmọ́lẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. “Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ta ló wà lábẹ́ èékánná mi yìí?”

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wo apá ara rẹ̀ tó ń fì. Ahọ́n nìkan ló kù fún un.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ló wí, “ẹ jókòó.”